Ta Ni Ẹ̀gbọ́n Nínú Wọn?

Mo rántí ìgbà tí mo pe ìyá ìbejì kan tí n kò rí rí ní alágbèrè. Mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú bébà, mo lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn, mo sì gbé e lọ sí pósọ́fíìsì Ọ̀fà kí rélùwéè bá mi gbé e dé Èkó, kí ó tibẹ̀ wọkọ̀ dé ìlú òyìnbó. Orí mi kò dàrú o. Ìṣirò ni mo ṣe, ìṣirò náà sì pé. Ohun tó bí mi nínú ni pé ẹni tó ń máàkì iṣẹ́ mi lọ́hùn-ún fi yíǹkì pupa fa ìlà kọjá lórí gbogbo rẹ̀, ó ní kí n tún un rò.

A ò tíì pẹ́ tí a gba òmìnira nígbà náà. Tíṣà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ wa, àwọn ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́, ṣùgbọ́n yunifásítì ló wà lọ́kàn mi. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi pé àyè wà fún mi bí mo bá lè yege nínú bayọ́lọ́jì. Mo ti ṣe ìdánwò ọ̀hún nígbà kan, mo fìdí rẹmi, alábòójútó ilé ìwé wa sì ti sọ fún mi lójú korojú pé bí mo bá tún kùnà, òun ò ní í fún mi láyè láti tún un ṣe mọ́. N kò mọ ibi tí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ti lè kọ́ irú bayọ́lọ́jì bẹ́ẹ̀ nítòsí wa, ni mo bá forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn kan tó ń fi ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ láti ìlú òyìnbó. Wọ́n á di ìbéèrè ránṣẹ́ sí ọ, wàá dáhùn, wàá dá a padà, wọ́n á máàkì í. Bí o bá gba gbogbo ìbéèrè inú ìdì kan ni wọ́n tó ń fi èyí tó kàn ránṣẹ́. Bí ọmọ ṣe ń jogún ìrísí òbí rẹ̀ ló wà nínú ìdì àkọ́kọ́. Bí ewéko, ẹranko àti ilẹ̀ ṣe ń bá ara wọn gbé ló wà nínú èyí tó kẹ́yìn, ohun tí mo sì ń gbọ́ ni pé ibẹ̀ ni ìdánwò máa ń dá lé jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ìdì àkọ́kọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di wèrè. Wọ́n bi mí nípa ẹ̀wà kan tí kì í ṣe irú ẹ̀wà tí à ń sè, pé èyí tí ara rẹ̀ ń dán àti èyí tí ara rẹ̀ hunjọ fẹ́ra wọn, báwo ni àwọn ọmọ wọn yóò ṣe rí. Mo ṣe é. Wọ́n tún bi mí nípa ojú àwọn eṣinṣin tíntìntín tó máa ń rá bàbà lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, ta ló ń wo ojú eṣinṣin? Mo ṣe ìyẹn náà. Lẹ́yìn náà ni mo kan ìbéèrè ìbejì. Wọ́n ní obìnrin kan bí ìbejì. Ọkùnrin ló kọ́kọ́ jáde, obìnrin tẹ̀lé e. Ojú bàbá wọn kò ní àbùkù kankan. Ẹ̀gbọ́n nínú ìbejì náà kò mọ àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé, àbúrò rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé bí ó ṣe rí bẹ́ẹ̀.

Wọn ì bá bi ẹlòmíràn. Èmi alára, Kẹ́hìndé ni mí. Láti kékeré ni ìyá mi ti ń sọ ọ́ fún wa pé èmi ni mo rán Táyé jáde kó lọ tọ́ ayé wò, pé ìgbà tó ké padà sí mi pé ayé dára ni mo tó tẹ̀lé e. Èmi ni ẹ̀gbọ́n. Táyé ló máa ń lọ pọnmi, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ mú ẹran nínú àwo. Nítorí náà, nígbà tí òyìnbó ní ẹ̀gbọ́n, n kò ronú lẹ́ẹ̀mejì: obìnrin tó jáde kẹ́yìn ni. Òun ni ojú rẹ̀ ní àbùkù. Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé fi kọ́ mi ni pé ọmọbìnrin kì í ní àbùkù ojú yẹn àfi bí bàbá tó bí i bá ní in pẹ̀lú. Bàbá ilé yìí kò ní in. Mo yẹ̀ ẹ́ wò sọ́tùn-ún, mo yẹ̀ ẹ́ wò sósì, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìgboyà pé ọkọ obìnrin yìí kọ́ ló bí ọmọ yẹn.

Ìwé náà padà dé pẹ̀lú yíǹkì pupa. Mo tún un ṣe, mo fa ìlà síbi tó yẹ kí n fà á sí, ìdáhùn kan náà ló jáde, mo tún fi í ránṣẹ́. Ó tún padà. Ẹni tó ń máàkì kò ṣàlàyé ohunkóhun, kí n ka ìbéèrè dáadáa ṣáá ni. Mo ti kà á débi pé mo lè kà á lójú oorun. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀ kí ìwé tó lọ kó tó bọ̀, ìdánwò ń sún mọ́lé, ìdì tó kàn kò sì dé. Inú ń bí mi ju bó ṣe yẹ lọ. Bí mo bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ ojú irin lọ́sàn-án, ara mi á gbóná, nítorí mo mọ̀ pé ó lè jẹ́ ìtìjú mi ló gbé dé.

Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà ìjọ, gbọ́ ohun tí mò ń bá kiri, ojú rẹ̀ sì le. Ó ní, "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ ọ nìyẹn? Kí o máa tú àṣírí ilé onílé?" Síbẹ̀, ó mú gíláàsì rẹ̀, ó jókòó, ó ní kí n ka ìbéèrè náà fún òun. Ó bi mí léèrè èwo ni ẹ̀gbọ́n. Mo ní obìnrin ni. Ó ní, "Òun náà ni, ṣebí òun ló jáde kẹ́yìn." Ó rò ó títí, ó mirí, ó ní ká máa gbàdúrà fún obìnrin náà. Táyé ní tirẹ̀ wà nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyàwó oníyàwó ni mo fẹ́ fi wọ yunifásítì. Kò sí ẹnì kan nínú ilé wa tó rí àléébù nínú ìdáhùn mi.

Nígbà tó sú mi pátápátá, mo lọ bá tíṣà òyìnbó kan tó ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì nílé ìwé gíga. Táyé sìn mí lọ, nítorí bàbá mi kò gbà kí n dá lọ sílé ọkùnrin. Òyìnbó náà ka ìbéèrè, ó ka ìdáhùn mi, ó ní ṣebí ọmọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n. Mo ní rárá sà, ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ jáde, nítorí náà òun ni àbúrò. Ó wò mí bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo wá ṣàlàyé ara mi àti Táyé fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi ìka tọ́ka sí Táyé. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn, èyí ni ẹ̀gbọ́n. Gẹ̀ẹ́sì Táyé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n èyí yé e.

Iwájú mi ló ń rìn títí a fi délé. Ó ní, "Láti òní lọ, ẹ̀yin ni kí o máa pè mí. Kúnlẹ̀ kí o kí mi."

Ó yẹ kí inú mi dùn, àbí? Inú mi kò dùn rárá. Gbogbo oṣù tí mo fi ṣòfò, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀ kí n tó mọ ABD. Ó dùn mí wọra pé kí n tó lè tẹ̀síwájú, àfi kí n fọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde ló ṣàgbà. Mo jókòó ti bébà náà fún ìgbà pípẹ́ kí n tó kọ ọ́. Ọmọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n, ara ìyá rẹ̀ ló ti jogún àbùkù ojú, ìyá náà kò sì ṣe ohun àìtọ́ kankan. Wọ́n fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Kíákíá ni mo ń ṣe àwọn ìdì tó kù. Nígbà tí mo dé ti ilẹ̀ àti ewéko, wọ́n ní kí n fi okùn àti èèkàn pààlà sí ilẹ̀ kékeré kan, kí n ka irú koríko tó wà níbẹ̀. Mo ṣe é lẹ́yìn ìlú, àwọn àgbẹ̀ yọ sí mi tàdátàdá, wọ́n ní ta ló rán mi wá wọn ilẹ̀ àwọn. Mo ní koríko ni mò ń kà. Ìyẹn ló tún wá bí wọn nínú jù. N kò parí ìdì yẹn tí ìdánwò fi dé, agbára káká ni mo fi yege. Bí mo ṣe dé yunifásítì nìyẹn, bí mo sì ṣe di tíṣà bayọ́lọ́jì. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ni pé nínú ìdánwò, ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni ẹ̀gbọ́n. Bí wọ́n bá délé, kí wọ́n fi tilé sílé.

Táyé kò jẹ́ kí n gbàgbé. Títí a fi dàgbà, tí irun wa funfun, bó bá fẹ́ mú mi bínú, á ní àbúrò òun ni mí lọ́dọ̀ òyìnbó, èmi náà á sì máa bá a jà bí ọmọdé.

Ọ̀gìnnìtìn tó kọjá yìí ni Táyé kú. Nílé wa, ẹ̀gbọ́n kì í tẹ̀lé òkú àbúrò dé sàréè. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e jáde, wọ́n fi mí jókòó sí yàrá, wọ́n ní kí obìnrin kan nínú ẹbí jókòó tì mí. Mo ń gbọ́ orin àwọn ọmọ ìjọ tó ń jìnnà lọ. Mo dìde. Mo sọ fún obìnrin náà pé èmi ni àbúrò, pé Táyé ló kọ́kọ́ jáde, pé ó wà nínú ìwé, kí wọ́n jẹ́ kí n sìn ín débẹ̀. Ó rọra di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ jókòó, Màmá. Gbogbo Ọ̀fà ló mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ̀gbọ́n."

Mo jókòó.