Alárinà Inú Àpò Mi

Aago méjì ọ̀sán ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ọjọ́ Ẹtì. Àwa mẹ́ta la wà nídìí tábìlì: èmi, ọmọbìnrin Èkìtì kan tí ọkàn mi fẹ́, àti ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Ìyá Tábìlì. Aago méjì la máa ń ṣíwọ́. Ọjọ́ náà sì ni ọmọbìnrin yìí ń ṣiṣẹ́ kẹ́yìn ní Ìkẹjà. Bí n kò bá gbọ́ èsì rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó lọ nìyẹn.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí n kò ti sọ̀rọ̀ tipẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàbá mi kì í fẹ́ ariwo. Ọmọ tó bá dákẹ́ ni wọ́n máa ń bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀. Mo kọ́ ẹ̀kọ́ náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé pàápàá, mo pẹ́ kí n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ti ń fá irùngbọ̀n kí n tó mọ orúkọ mi kọ, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ kan ní Ọgbà.

Ìdérí ìgò ni ilé iṣẹ́ wa ń ṣe, láàárín Ìkẹjà sí Agége. Ẹ̀rọ mẹ́jọ ló ń gé páànù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá pariwo sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, yóò rí i pé ẹnu yín ń mì, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ọwọ́ la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Èmi ń fi epo sí ẹ̀rọ, àwọn obìnrin ń ṣa ìdérí tó bá wọ́ kúrò lórí tábìlì. Ibẹ̀ bá mi lára mu. Àwọn obìnrin náà sì sọ mí ní Bọ̀dá Odi.

Íńjiníà ará Íńdíà kan ló fún mi ní ẹ̀rọ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, nígbà tó ń padà sílé. Ọ́gánáísà là ń pè é. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó sì ń ṣí bí ìwé. Gíláàsì aláwọ̀ eérú wà lápá òkè, àwọn lẹ́tà tí à ń tẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù. Èmi kò mọ ẹnikẹ́ni tó ní fóònù, nítorí náà nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wa nìkan ni mo tẹ̀ sí i. Íńjiníà náà kìlọ̀ fún mi pé bátìrì méjì ló wà nínú rẹ̀. Ńlá ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́, kékeré ni kì í jẹ́ kó gbàgbé. Bí mo bá fẹ́ pààrọ̀ wọn, n kò gbọdọ̀ yọ méjèèjì pọ̀ láé.

Ìgbà tí mo bá fi epo sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ́kọ́ ń kọ sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ "Ẹ kú iṣẹ́," mo sì nà án sí ọmọbìnrin náà. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá lẹ́tà kiri, ó tẹ̀ ẹ́: "Odi ti ń sọ̀rọ̀ o! Ẹ káàbọ̀."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Oṣù mẹ́fà la fi sọ̀rọ̀ nínú ariwo náà, láìlanu. Mo mọ̀ pé àgbà ìjọ Aládùúrà ni bàbá rẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ń gbé ní Onígbòǹgbò, pé kò sì fẹ́ràn ẹ̀wà. Bí a bá sì pàdé ní ìta níbi tí kò sí ariwo, mo kàn ń mi orí ni.

Ìyá Tábìlì ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí à ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ tó ṣáájú Ẹtì yẹn. Wọ́n ní, "Gbọ́, Odi. Bàbá ọmọ yìí ti ránṣẹ́ sí i. Tíṣà kan nílé, ní Èkìtì, ni wọ́n fẹ́ fi í fún. Àárọ̀ Sátidé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń mú un lọ. Àbí inú ẹ̀rọ yẹn ni ìwọ ti fẹ́ bímọ?"

Mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún un, Ìyá."

"Kí n ṣe alárinà fún ọ? Ìwọ tí o gbé alárinà sápò! Rán an níṣẹ́ o jàre."

Mo rán an. Ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo tẹ̀ ẹ́ pé: "Mo fẹ́ fẹ́ ọ. Má lọ." Ó kà á. Ó kọ ẹ̀yìn sí Ìyá Tábìlì tó na ọrùn bí àgùnfọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rọ náà dé, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó mú báàgì rẹ̀, ó lọ. Fèrè dún, gbogbo ẹ̀rọ dákẹ́. Mo ṣí i. Gíláàsì ṣófo.

Kó tó di ọjọ́ náà, ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà ojú gíláàsì náà ti ń ṣá. Mo ń sọ lójoojúmọ́ pé ọ̀la ni n óò pààrọ̀ bátìrì. Ẹlòmíràn ì bá sáré tẹ̀ lé ọmọbìnrin náà, kó bi í. Èmi sáré lọ bá alágogo tó ń tún aago ṣe lẹ́bàá ojú irin ní Agége.

Ó ní, "Kò tó nǹkan, bọ̀dá." Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ bátìrì ńlá. Mo rí i tí ẹ̀mú rẹ̀ wọ abẹ́ kékeré. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ: ẹ dúró. Ó dé ẹnu mi, ó jókòó síbẹ̀. Alágogo yọ ọ́. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí ihò méjèèjì bí wọ́n ṣe ń ṣe sí aago, ó fi tuntun méjì sí i. Gíláàsì tàn.

"Ẹ wò ó! Ó ti di tuntun."

Lóòótọ́ ni. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ mọ́. Ó ń bi mí pé ọjọ́ wo la wà.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù yín kì í gbàgbé. Bó bá bọ́ sínú omi, ẹ óò ra òmíràn, ọ̀rọ̀ yín á sì tún padà wá bá yín. Àwọn ọmọ mi ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síra wọn láti yàrá sí yàrá. N kò lẹ́nu láti bá wọn wí. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ dájú pé bí tèmi kò bá gbàgbé lọ́jọ́ yẹn, odi ni n ó jẹ́ títí dòní.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, aago márùn-ún ààbọ̀, mo wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Onígbòǹgbò. Ẹrù ti wà nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà jáde tòun ti pákò lẹ́nu. Mo dọ̀bálẹ̀. Ọmọbìnrin náà yọ lẹ́yìn rẹ̀. N kò tíì lanu bá a sọ̀rọ̀ rí, n kò mọ bí ohùn ṣe yẹ kó lọ sókè tó.

"Mo fẹ́ fẹ́ àbúrò yín!"

Adìyẹ fò kúrò lórí ògiri. Ará ilé kejì ṣí fèrèsé.

Ọmọbìnrin náà ní, "Ṣebí mo ti dá yín lóhùn lánàá."

Mo ní bátìrì ló kú, alágogo sì pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

"Ẹ ò ka nǹkan kan? Ẹ ò mọ̀ bóyá mo gbà tàbí mo kọ̀, ẹ ṣì wá?"

"Mo wá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lórí ẹrù. Ó wá kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Tíṣà yẹn á rí ẹlòmíràn."

Ọdún mẹ́rìnlélógún la fi jẹ́ tọkọtaya kí ìyàwó mi tó lọ bá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Mo bi í títí, kò sọ ohun tó tẹ̀ sínú ẹ̀rọ náà fún mi. Á ní, "Ẹ̀rọ ni mo sọ ọ́ fún. Ẹ lọ bi í." Ẹ̀rọ náà wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. N kò bi í mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé àpótí rẹ̀ tó wúwo jù lọ nílẹ̀, mo sì gbé e padà wọlé fúnra mi.