Ọmọ Tí Ó Ti Ń Gbọ́ Wa

Mo rántí báàgì kékeré aláwọ̀ ewé kan. Láràárọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ọmọbìnrin kékeré kan á ti wọ bàtà, á ti ká aṣọ rẹ̀ méjèèjì àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ sínú báàgì yìí, á sì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Akpakpa, ní Kùtọnu, á kọjú sí títì tó lọ sí Àjàṣẹ́. Kì í sunkún, kì í sì í bínú. Ó kàn ń dúró de ẹni tí yóò wá mú un padà síbi tó ti wá ni. Bí oòrùn bá ti gun òrùlé òdìkejì tí kò rí ẹnikẹ́ni, á dìde, á gbé báàgì rẹ̀ wọlé, á wá jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ó fi bí oṣù méjì ṣe bẹ́ẹ̀, èmi náà á sì dúró sẹ́yìn aṣọ ìlẹ̀kùn, màá máa wò ó. Mi ò mọ ohun tí à ń sọ fún ọmọ tó ń dágbére fún ni láràárọ̀.

Aránṣọ ni mí. Òwò ló gbé àwọn òbí mi wá sí Kùtọnu láti Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo ti lọ́kọ. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìṣirò ní Godomey. Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, a ti wà pa pọ̀ fún ọdún mọ́kànlá, a ò sì tíì bímọ. Nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ tí mo kọ́, ọ̀kan wà tó wá láti Kétu. Ọmọ òrukàn ni. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà ló mú un wá fún mi, ìyá náà sì kú kí ọmọ tó pé ọdún méjì lọ́dọ̀ mi. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ. Mo ti ń rò ó nínú ara mi pé òun ni yóò jókòó sídìí ẹ̀rọ mi bí ojú mi kò bá ríran mọ́. Nígbà tó ku oṣù mẹ́rin kó gba òmìnira iṣẹ́, ó wá sọ fún mi pé òun rí iṣẹ́ ilé ṣe ní Lẹ́bánónì, òun sì ń lọ.

Mo bínú gidigidi. Mo sọ fún un pé, “Bí o bá fi lè jáde lẹ́nu ọ̀nà yìí, má pè mí mọ́.”

Ó kúnlẹ̀. Ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ ṣáà ṣàdúrà fún mi.”

Mi ò ṣàdúrà kankan. Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, mo ń rán aṣọ lọ. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi í fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni mo lò, mo sì pè é ní ìwà àgbà.

Ó tó ọdún méje lẹ́yìn náà kí nọ́ńbà ilẹ̀ òkèèrè kan tó pè mí. Mo gbé e, mo gbọ́ “Ọ̀gá mi,” mo sì pa á. Ó tún pè lẹ́ẹ̀mejì sí i lọ́sẹ̀ kan náà, mo wo fóònù náà títí tó fi dákẹ́. Mo rò pé ayé ti le mọ́ ọn lọ́hùn-ún, pé ó fẹ́ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Mo fẹ́ kó kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára díẹ̀. Èmi ni màá pè é, tó bá wù mí. Oṣù méjì kọjá. Obìnrin mìíràn wá pè mí láti Bèírútì, èdè Faransé ló ń sọ, ohùn rẹ̀ tutù. Màsẹ́ẹ̀rì ni, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì tí wọ́n ń tọ́jú ọmọ níbẹ̀. Ó ní àìsàn ti pa ọmọ iṣẹ́ mi. Ó ní ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, ọmọ náà ń lọ sí ọdún márùn-ún, ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀. Àti pé nínú ìwé tí ìyá rẹ̀ kọ sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń béèrè ẹni tí àwọn lè pè, nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀.

Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ ká gba ọmọ náà, ká sọ ọ́ di ọmọ wa. Àmọ́ mi ò sọ ti fóònù fún un.

Ó ní, “Ṣé ọmọ lo ń fẹ́ ni, àbí o fẹ́ bẹ òkú?”

Mo ní mi ò mọ̀.

Ó ní, “Kò burú. Ká mú ọmọ náà wá ná. Bó bá yá, wàá mọ̀.”

Ìyá ọkọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa kò fara mọ́ ọn. Ó ní ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọkọ mi dá a lóhùn pé, “Màmá, a ò ṣáà tíì ní èyí tó ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀.” Ìyá náà fa aṣọ bo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìwé ìgbàtọ́ ọmọ ni a ń wá kiri fún ohun tó lé ní ọdún kan. Láàárín àkókò yẹn ni mo rán aṣọ ọmọdé mẹ́tàdínlógún láì mọ bí ọmọ náà ṣe ga tó. Mo kun yàrá kan, mo ra ibùsùn kékeré. Mo tún lọ bá ààfáà àdúgbò wa kó kọ́ mi ní Lárúbáwá díẹ̀, torí Màsẹ́ẹ̀rì ní ọmọ náà kò gbọ́ èdè mìíràn. Èdè inú Kùránì ni ààfáà mọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń sọ nílé. Nígbà tí mo wá dé Bèírútì, tí mo dúró níwájú ọmọ náà tí mo sì kí i bí wọ́n ṣe kọ́ mi, ńṣe ló gbójú sókè wo Màsẹ́ẹ̀rì bí ẹni tó ń béèrè bóyá ara mi yá. Mo ti rò pé yóò sáré dì mọ́ mi. Mo tilẹ̀ ti pinnu bí màá ṣe na ọwọ́.

Nígbà tí a délé, kò sun orí ibùsùn tí mo rà. Ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá ọkọ mi ló lọ sùn sí. Bí ìyá náà bá ń kírun ìrọ̀lẹ́, ọmọ á wá jókòó sí etí ẹní, á máa fetí sí i, torí ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ wà níbẹ̀. Ìyá ọkọ mi kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo bá a tó ń bó ọsàn fún un. Mo jowú ìyá ọkọ mi, kí n má purọ́.

Torí pé a gbà pé ọmọ náà kò gbọ́ èdè wa, a ń sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ níwájú àga. Ìyá ọkọ mi ń sọ fún àwọn àlejò rẹ̀ pé, “Ọmọ tí a kò mọ bàbá rẹ̀ ni o,” ó sì ń fi ọwọ́ pa ọmọ náà lórí bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́. Èmi náà ń ráhùn fún àwọn oníbàárà pé ọmọ yìí kò lè fẹ́ràn mi láéláé. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, tí mò ń lọ aṣọ, ọ̀rọ̀ tí mo ti gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́ jáde lẹ́nu mi. Mo sọ fún ọkọ mi pé ìyá ọmọ yìí pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kú, mi ò sì dá a lóhùn. Ọkọ mi gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi, ó ń bá mi lọ̀ ọ́. Ọmọ náà wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wa, ó ń ṣa bọ́tìnì funfun kúrò lára dúdú.

Ìwé ìkẹyìn ló kù, èyí tí adájọ́ yóò fọwọ́ sí ní Kùtọnu lẹ́yìn tó bá ti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì ká lọ bá adájọ́, mo lọ jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, mo fi Lárúbáwá mi tí kò gún pè é wá jẹun. Ó wo ojú mi dáadáa. Èdè Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, ohùn Kétu pọ́nńbélé, bí ìgbà tí ìyá rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ gan-an.

Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ ò gbé fóònù ìyá mi?”

Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀ lórí àpótí. Ìyá rẹ̀ máa ń wá wò ó ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ìyẹn ni Màsẹ́ẹ̀rì sọ fún mi. Kò sọ èdè tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èmi náà kò sì béèrè. Irọ́ ló kọ́kọ́ wá sí mi lẹ́nu. Mo fẹ́ ní fóònù náà ló bàjẹ́. Ìyá ọkọ mi ti jáde sí ẹ̀yìn wa.

Ó ní, “Ìyàwó, ọmọ tó ti gbọ́ òótọ́ tán, irọ́ wo lo tún fẹ́ pa fún un?”

Mo bá sọ ọ́. Mo ní, “Mò ń bínú sí i ni. Ó fi mí sílẹ̀ lọ, ó dùn mí. Mo rò pé ọjọ́ ṣì wà níwájú tí màá dá a lóhùn. Mi ò mọ̀ pé ara rẹ̀ kò yá. Ohun tí mo ṣe kò dáa.”

Ọmọ náà ní, “Ṣé ẹ ṣì ń bínú sí i?”

“Rárá. Ara mi ni mò ń bínú sí.”

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó wọ yàrá ìyá ọkọ mi lọ. Ọjọ́ mẹ́rin ni kò fi bá mi sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ojú tì jù lọ nílé wa ni ìyá ọkọ mi. Ó ń tún un sọ pé, “Ó ti ń gbọ́ wa láti ọjọ́ yìí?” Ẹyin lohùn, bó bá bọ́ sílẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Síbẹ̀, ìyá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún yìí pe ọmọ náà jókòó, ó sọ gbogbo ohun tó ti sọ nípa rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì bẹ̀ ẹ́. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń gbọ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé àgbà lè bẹ ọmọdé, kí iyì rẹ̀ má sì dín kù.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ó wọ ṣọ́ọ̀bù wá, ó dúró tì mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ó ní, “Tàǹtí, ṣé ìyá mi mọ aṣọ rán?”

Mo ní, “Ó mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.”

Ó jáde. Lọ́jọ́ kejì, ó béèrè irú oúnjẹ tí ìyá rẹ̀ fẹ́ràn. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó fẹ́ mọ ibi tó máa ń sùn sí. Ṣé ó máa ń jà? Ta ni ọ̀rẹ́ rẹ̀? Bí mi ò bá mọ nǹkan kan, màá ní mi ò mọ̀. Ọjọ́ kan ni mo wá rò ó pé ní gbogbo ayé yìí, àwa méjèèjì nìkan ló kù tí a rántí obìnrin yẹn. Mo ní ọdún mẹ́ta rẹ̀ lọ́wọ́, ọmọ náà ní àwọn ọjọ́ Àìkú rẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi nínú tirẹ̀.

Ó ní, “Ó sọ fún mi pé ẹ máa ń fi rúlà gbá àwọn lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ẹ ó bu àkàrà yín sí méjì fún àwọn. Ó ní ẹ máa ń kọrin bí ẹ bá ń ránṣọ, pé ohùn yín kò dáa. Ó máa ń rẹ́rìn-ín bó bá ń sọ ọ́.”

Mo rọra dá ẹ̀rọ dúró, mo sunkún. Ọmọ náà ń wò mí. Nígbà tó yá, ó fa etí aṣọ tí mò ń rán lọ́wọ́, ó fi nu ojú mi. Aṣọ oníbàárà ni. Mi ò mọ ọjọ́ tí kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Mo kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé àpótí náà ṣófo, ó sì ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ṣófo bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a dé iwájú adájọ́, Faransé ni adájọ́ ń sọ, akọ̀wé kan tó gbọ́ Yorùbá sì ń túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ bi í pé ta ló fẹ́ máa bá gbé. Ọmọ náà kò ronú rárá.

Ó ní, “Ìyá àgbà.”

Adájọ́ nawọ́ sí èmi àti ọkọ mi. “Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?”

Ọmọ náà yíjú wò wá, ó ṣe bí ẹni tó ń rò ó wò. Ó ní, “Ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Wọ́n lè máa bá wa gbé.”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín kó tó túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ fọwọ́ sí ìwé. Bí a ti ń bọ̀ lórí afárá, ọkọ mi ní kí n má jẹ́ kó dùn mí. Mo ní kò dùn mí. Ẹni tó bá ti mọ gbèsè tí òun jẹ, á mọ̀ pé “wọ́n lè máa bá wa gbé” kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí. Ìyá ọkọ mi ti sinmi, ọmọ náà ló sì sunkún jù wá lọ. Kò mọ aṣọ rán, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìwé ló ń kà, ó ní Calavi ni òun ń lọ, ní yunifásítì. Tàǹtí ló ṣì ń pè mí, mi ò sì dúró de orúkọ mìíràn mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Ó gbé fọ́ọ̀mù ìdánwò kan síwájú mi, ó ní ọmọ mi kọ ọ́ ní àkọkúkọ, òun ní kó tún un kọ, ó sì kọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń béèrè orúkọ ìyá, ó ti kọ orúkọ obìnrin tó kú sí Bèírútì, ó sì gba gbogbo ìlà náà. Lẹ́yìn náà ló kọ orúkọ tèmi tẹ̀ lé e. Ìlà ti tán, orúkọ mi sì bọ́ sí etí ìwé, lẹ́tà rẹ̀ kéré, ó tẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀.

Olùkọ́ ní, “Màdáámú, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ń fẹ́. Èwo ni kí a pa rẹ́?”

Mo sọ fún un pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀, pé bí àyè kò bá gbà á, kí wọ́n lẹ ìwé mìíràn mọ́ ọn.