Ẹ̀kọ́ Abẹ́rẹ́ Àjẹsára ní Bingerville

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ọkọ̀ wa fi gbéra ní Ìsẹ́yìn. Ilé ìwòsàn wa ló rán mi lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní Abidjan. Wọ́n fẹ́ kí àwa náà lè máa dán abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun wò nílùú wa, dípò ká máa retí èyí tí wọ́n dán wò níbòmíràn. Bí mi ò bá yege, ìlú mìíràn ni wọ́n máa gbé iṣẹ́ náà fún.

Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń béèrè ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Òṣìṣẹ́ kan dorí tèmi kodò, ó kà á títí, ó ní ó dára.

Ọ̀dọ̀ Àǹtí Sìkírá, àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé Roxy ní Abidjan, ni mo dé sí. Wọ́n gbé atiéké fún mi, ìyẹn ẹ̀gẹ́ rírin tí wọ́n fi ooru sè, pẹ̀lú ẹja díndín. Mo béèrè ọbẹ̀.

Àǹtí ní, "Ọbẹ̀ wà ní Ìsẹ́yìn."

Láràárọ̀ ni mò ń wọ gbàkà, bọ́ọ̀sì kékeré tí ariwo kọ̀ńdọ́ rẹ̀ ju ti ẹ́ńjìnnì lọ, lọ sí ibi ẹ̀kọ́ wa ní Bingerville. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń tọ́jú abẹ́rẹ́ sínú òtútù. Mo yege. Ó wá ku ohun tí wọ́n ń pè ní "consentement": kí èèyàn mọ ohun tó ń gbà kó tó gbà á. Olùkọ́ wa, obìnrin ará Abidjan kan, ní kí oníkálukú mú ẹnìkan wá, kó ṣàlàyé fún un ní èdè rẹ̀ bí ẹni pé ìdánwò abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo mú Àǹtí. Mo gbà pé ẹbí ò ní já mi kulẹ̀.

Àǹtí gbọ́ àlàyé mi tán. "Ṣé ó lè ṣe mí ní nǹkan?"

"Apá lè wú, ara lè gbóná. A ò tíì mọ gbogbo rẹ̀, mà. Ìdí tá a fi ń dán an wò nìyẹn."

"Bí mo bá kọ̀, ṣé wọ́n ṣì máa tọ́jú mi tí ara mi ò bá yá?"

"Wọ́n á tọ́jú yín, mà."

"Ó dáa. Mi ò ṣe. C'est non."

Mo gbà pé mo ti kùnà nìyẹn. Ọkùnrin tó ṣáájú mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹni tirẹ̀ ti gbà. Ìgbà tí olùkọ́ bi onítọ̀hún pé kí ló gbà, ó ní àwọ̀n ẹ̀fọn ni.

Olùkọ́ yíjú sí Àǹtí, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ̀. Àǹtí fi Faransé tún gbogbo àlàyé mi sọ, wọn ò fo nǹkan kan. Wọ́n ní mo sọ pé ẹni tó bá gba abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ máa padà wá fún àyẹ̀wò, ìlú Bouaké tó jìnnà sì ni ọjà ń gbé àwọn lọ. "Tí mo bá gbà, ẹ ò ní rí mi mọ́."

Olùkọ́ ní mo yege. Ó ní kí ọkùnrin yẹn tún un ṣe.

Nínú gbàkà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí.

"Kí lò ń dúpẹ́ fún? Mo ṣáà ní mi ò ṣe."

Nígbà tí mo padà dé Ìsẹ́yìn, dókítà wa bi mí pé kí ni mo kọ́. Mo ní, "Bí a ṣe ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ èèyàn kó lè ráyè kọ̀, sà."

Ó ní ṣé tìtorí ìyẹn ni mo ṣe lọ sí Abidjan.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn bóyá wọ́n fẹ́ gba abẹ́rẹ́ náà àbí wọn ò fẹ́.