Sìgá Oníbátìrì Nínú Òrí Mùyìbátù

Ládòkun ará Ṣakí kò sunkún nígbà tí wọ́n sin ìyàwó rẹ̀. Ó dúró létí ibojì, ó bu erùpẹ̀ sí i bí àwọn yòókù ti ṣe, ó gbọn ọwọ́, ó sì lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ẹni tó bá kí i, á dá a lóhùn. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ wá, á jẹ ẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́ jù. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà láti ọjọ́ náà.

Iṣẹ́ tábà ló fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ṣe. Nígbà tí wọ́n ń ra ewé tábà káàkiri Òkè-Ògùn, òun ni ó máa ń ṣọ́ iná nínú ilé amọ̀ tí wọ́n ti ń yan ewé náà. Iná kò gbọdọ̀ kú, kò sì gbọdọ̀ le jù. Bí ó bá le, ewé á dúdú, wọn ò ní rà á. Ibẹ̀ ló ti kọ́ sìgá, kí oorun má baà gbé e lọ nídìí iná. Nígbà tí àwọn tó ń ra tábà kò wá mọ́, ó yí sí àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Tábà lọ, sìgá ò lọ.

Òrí ni Mùyìbátù ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Á ṣa èso rẹ̀ nínú igbó, á yan án, á lọ̀ ọ́, á fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí yóò fi funfun. Obìnrin náà ní àṣà kan. Bí ó bá ń rìnrìn àjò, ohunkóhun tó bá lè fọ́, inú òrí ló ń rì í sí: gíláàsì àtùpà, ìgò oògùn, yẹtí góòlù rẹ̀. Á fi ìka gbẹ́ ihò, á ki nǹkan náà bọ̀ ọ́, á fi òrí bò ó, á wá fi ọwọ́ pa ojú rẹ̀ kó dán. Ọ̀kadà á máa gbọ̀n wọ́n láti Ṣakí títí dé Ìgbòho. Kò sí èyí tó fọ́ rí.

Misturat ọmọ wọn ń ránṣọ ní Doha, nílẹ̀ Lárúbáwá, ọkọ rẹ̀ Débọ́lá ń wakọ̀ níbẹ̀. Nígbà tó lóyún, wọ́n ṣe ìwé ìrìnnà fún bàbá àti ìyá, kí ìyá lè wá wẹ ọmọ bí àwọn ìyá ti máa ń ṣe. Mùyìbátù po òrí tí wọn yóò fi pa ọmọ lára, ó rọ ọ́ kún abọ́ tánganran onídérí kan. Àìsàn mú un kí ọjọ́ ìrìn àjò tó pé, kò sì dìde mọ́. Ọmọ náà wá dé nígbà tí oṣù rẹ̀ kò tí ì pé.

Misturat pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

“Bàbá, ẹ máa bọ̀.”

“Èmi?”

“Fisà yín ṣì wà. Kò sí ẹlòmíràn tó ní.”

“Kí ni kí n wá ṣe?”

“Ohun tí Màámi fẹ́ wá ṣe.”

Ládòkun gbé fóònù sí etí kejì. Misturat ń bá ọ̀rọ̀ lọ.

“Ṣùgbọ́n, Bàbá, èémí ọmọ yìí ò lágbára. Dókítà ní èéfín ò gbọdọ̀ kàn án. Ẹni tó bá ń fa sìgá kò ní gbé e. Bó ṣe ẹ̀yin náà, mi ò ní gbé e fún yín.”

“Mo gbọ́.”

Láti ọjọ́ ìsìnkú, Ládòkun kò tí ì fẹ́ nǹkan kan. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó rí i pé òun fẹ́ gbé ọmọ náà. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ dùn. Ó kàn fẹ́ gbé e.

Ọ̀rọ̀ náà délé dóko. Ìyápọ̀, tí àwọn méjèèjì jọ ṣọ́ iná tábà rí, rí i lọ́dọ̀ fọkanáísà, ó sì ké sí i kí gbogbo èèyàn lè gbọ́.

“Ládòkun! Mo gbọ́ pé o ti di ìyá ọlọ́mọ.”

“Mo ń lọ wẹ ọmọ ni.”

“Ìwọ tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ló ń bá ọ fọ abọ́!”

“Ọmọ náà á mọ́.”

“Tó bá wá sunkún ńkọ́? Ṣé wàá fún un lọ́mú ni?”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ládòkun náà la ẹnu, ẹ̀rín ò jáde, ó pa á dé.

Àwáwù, àbúrò Mùyìbátù, ló kọ́ ọ bí wọ́n ti ń wẹ ọmọ. Ó gbé àga kékeré fún un, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ síwájú rẹ̀, ó sì gbé iṣu kan lé e lẹ́sẹ̀.

“Ẹ na ẹsẹ̀ yín, Bàbá Misturat. Ẹ di ọrùn rẹ̀ mú.”

“Ọrùn èwo? Iṣu ni.”

“Ọmọ ni. Ẹ di ọrùn mú… Háà! Ẹ ti pa á!”

“Iṣu kì í kú.”

“Èyí ti kú. Ẹ gbé e, ẹ tún un ṣe.”

Ó tún un ṣe. Ojoojúmọ́ ló ń tún un ṣe, títí tí erùpẹ̀ fi tán lára iṣu náà, tí ọwọ́ rẹ̀ sì mọ ibi tó yẹ kí ó wà.

Sìgá ni kò lè fi sílẹ̀. Tó bá fi sílẹ̀ láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ismaheel ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún fóònù ṣe ní Ìsẹ́yìn, gbọ́, ó sì wá pẹ̀lú nǹkan kan tó rí pẹlẹbẹ, aláwọ̀ bíi súìtì.

“Bàbá, ẹ wo èyí. Fépù ni wọ́n ń pè é.”

“Kí ni?”

“Sìgá oníbátìrì. Kò níná, kò léérú. Ẹ ó kàn máa fà á. Tó bá tán, ẹ sọ ọ́ nù.”

“Kò ní èéfín?”

“Ooru ni, Bàbá. Bí ooru ìkòkò.”

Ládòkun fà á lẹ́ẹ̀kan, ó wò ó.

“Máńgòrò ni wọ́n yan sínú rẹ̀?”

“Adùn ni wọ́n fi sí i.”

“Kò jọ tábà.”

“Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ gbé ọmọ àbí ẹ ò fẹ́?”

Ó gbà á. Ismaheel fi márùn-ún sílẹ̀ fún un, ó sì kìlọ̀ pé kó má kó wọn sínú ẹrù ńlá, nítorí pé bátìrì kì í wọ ikùn ọkọ̀ òfurufú, ọwọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n wà. Ládòkun ní òun gbọ́. Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò bèèrè ni bóyá ìlú tó ń lọ ń gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tó ń di ẹrù, ó wo àpò aṣọ tó fẹ́ gbé lọ́wọ́. Ó ro ọ̀nà Ṣakí sí Èkó, kòtò tó wà níbẹ̀ àti bí èrò ti máa ń fún ara wọn pọ̀ nínú ọkọ̀. Bí nǹkan wọ̀nyí bá fọ́, sìgá gidi ni yóò fà. Bí ó bá fa sìgá gidi, kò ní gbé ọmọ. Ó wá wo abọ́ tánganran náà.

Ó ṣí i. Ipa ìka Mùyìbátù ṣì wà lójú òrí náà, ó yí po bí ó ti fi ọwọ́ pa á. Ládòkun gbẹ́ ihò márùn-ún, ó ki sìgá oníbátìrì náà bọ̀ wọ́n tòun ti ọ̀rá tí wọ́n fi wé wọn, ó fi òrí bò wọ́n, ó pa ojú rẹ̀ kó dán bí ó ti máa ń rí i tí ìyàwó rẹ̀ ń ṣe. Ipa ìka tó wà níbẹ̀ pa rẹ́. Kò ro ìyẹn. Ó dé abọ́ náà, ó fi ìró Mùyìbátù kan wé e, ó gbé e sáàárín ẹrù ńlá.

Wọn kò rí nǹkan náà ní pápákọ̀ òfurufú Èkó. Ó wọ ọkọ̀ òfurufú, ó jókòó, ó wo ìkùukùu, ó jẹ ohun tí wọ́n fún un.

Ní Doha, wọ́n ní kí gbogbo èrò gbé ẹrù wọn gba inú ẹ̀rọ kan kọjá kí wọ́n tó jáde. Àwọn yòókù kọjá. Nígbà tó kan Ládòkun, aṣọ́bodè kan na ọwọ́, ó ní kó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tú ẹrù rẹ̀. Wọ́n gbé èlùbọ́ sí ọ̀tún, wọ́n gbé aṣọ sí òsì, wọ́n gbé abọ́ náà sáàárín. Aṣọ́bodè náà ṣí i, ó tọ́ka sí òrí, ó tọ́ka sí ojú ẹ̀rọ, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ládòkun mọ Lárúbáwá tí wọ́n fi ń kírun. Èyí kò jọ ọ́.

Wọ́n pe ọkùnrin kan tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀. Ó wo ojú Ládòkun, ó sì fi Haúsá kí i. Ládòkun gbọ́ Haúsá ọjà, nítorí àwọn tó ń ra àgbàdo lọ́wọ́ rẹ̀.

“Bàbá, wọ́n ní kí lẹ fi pamọ́ síbí?”

“Mi ò fi nǹkan pamọ́. Mo tọ́jú rẹ̀ kó má fọ́ ni.”

“Kí ni nǹkan náà?”

“Tábà.”

Ọkùnrin náà sọ ọ́ fún wọn. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní kí Ládòkun fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ wọ́n. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ri ọwọ́ méjèèjì bọ inú òrí dé ọrùn ọwọ́, ó ń wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì. Òrí ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ lára wọn. Kò sí èyí tó fọ́.

“Wọ́n ní èèwọ̀ ni níbí, Bàbá. Ẹnikẹ́ni kì í mú un wọlé. Wọ́n ní torí pé ẹ dàgbà ni wọ́n fi jẹ́ kí ẹ máa lọ.”

“Wọ́n ṣeun. Òrí náà ńkọ́?”

Wọ́n jọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọkùnrin náà kò wo ojú rẹ̀ nígbà tó padà.

“Wọ́n ní ohun tí ẹ fi nǹkan èèwọ̀ sí, àwọn kì í dá a padà.”

“Ìyàwó mi ló ṣe é. Ó ti kú. Ti ọmọ ni.”

“Mo ti sọ ọ́ fún wọn.”

Aṣọ́bodè náà gbé abọ́ jù sínú garawa ńlá kan pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó dún gbàgà. Ládòkun dúró. Ó retí kí nǹkan kan gbá a láyà. Kò sí nǹkan. Wọ́n na pépà ìnuwọ́ sí i, ó mi orí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè díẹ̀, bí ẹni tó jẹun tán tó ń retí omi, ó sì jáde bẹ́ẹ̀. Agbálẹ̀ náà ló ti ẹrù fún un dé ọ̀dọ̀ Débọ́lá.

Nínú ọkọ̀, kò fi ọwọ́ kan nǹkan kan. Débọ́lá ló ṣí ilẹ̀kùn, òun ló tì í.

Misturat dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ wà. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì dìde. Kí ó tó bèèrè bí ọ̀nà ti rí, Ládòkun ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, láti ọ̀dọ̀ Ismaheel títí dé orí tábìlì aṣọ́bodè.

“Bàbá, kí ni mo sọ fún yín lórí fóònù?”

“Ẹni tó bá ń fa sìgá kò ní gbé e.”

“Ẹ sì kó o wá.”

“Ismaheel ní kì í ṣe èéfín.”

“Ismaheel!” Ó mí kanlẹ̀. “Bàbá, ọ̀kan náà ni lára ọmọ yìí.”

“Ó dáa.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ fọ ọwọ́ yín.”

Ládòkun kò mira.

“Kí ló wà lọ́wọ́ yín náà?”

“Òrí ìyá rẹ ni. Ìyókù ni wọ́n dà nù.”

Misturat súnmọ́ ọn. Ó mú ọwọ́ rẹ̀ kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná lọ, ó mú ṣíbí àti ìdérí ìgò kan wá. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀, ó ń ha òrí náà kúrò ní ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, àárín ìka, ẹ̀yìn ọwọ́, abẹ́ èékánná. Nígbà tó ha á tán, kò kún ìdérí náà. Ó yọ́ ọ lórí iná, ó sẹ́ ẹ, ó gbé e sí ibi tó tutù.

“Ẹ lè fọ ọwọ́ yín wàyí, Bàbá.”

Kò gbé ọmọ fún un.

Ládòkun ò bèèrè. Ó ń jẹ orógbó dípò sìgá. Orí ń fọ́ ọ, òógùn ń bò ó nínú yàrá tí ẹ̀rọ ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Láàárọ̀, Misturat á gba aṣọ tó wọ̀ lánàá, á gbé e sí imú kó tó fọ̀ ọ́. Ọmọ ń ké nínú yàrá kejì, igbe kékeré bíi ti ọmọ ológbò. Ó ń gbọ́ ọ láti ibi tó jókòó sí. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, òmíràn bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ò gbọ̀n mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan, Misturat gbóòórùn aṣọ náà, ó sì ká a sí apá kan. Ó gbé àga kékeré wá, ó gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wá, ó gbé ìdérí òrí náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó wọlé, ó gbé ọmọ jáde.

“Ẹ na ẹsẹ̀ yín.”

Ládòkun na ẹsẹ̀. Ó di ọrùn mú. Ó bomi sí i lórí, ó wẹ apá, ó wẹ ẹ̀yìn, ó yí i bí Àwáwù ti kọ́ ọ. Misturat ń wo ọwọ́ rẹ̀, kò sì rí ibi tó máa bá a tún ṣe. Nígbà tó nù ún gbẹ, ó fi ìka kó òrí náà, ó fi pa àwùjẹ̀ ọmọ, ibi tó rọ̀ ní àtàrí tó ń mì tìtì. Ibẹ̀ ni òrí náà tán sí. Ọmọ yán.

Àwáwù pè lórí fóònù nígbà tí oòrùn ga.

“Bàbá Misturat! Wọ́n ní ẹ ti wẹ̀ ẹ́!”

“Mo ti wẹ̀ ẹ́.”

“Ó wá rí báwo?”

Ládòkun ro ó.

“Kò wúwo tó iṣu yẹn,” ó ní.

Ó fún Misturat ní fóònù, ó gbé omi ìwẹ̀ náà, ó sì lọ dà á nù.