Ẹni Tí Kì Í Fọwọ́ Kan Máòsì

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí Marjukka Hietala ti ń kọ ètò kọ̀ǹpútà nílùú Oulu. Ètò tó ń sọ fún èrò ní ibùdókọ̀ pé bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀ ni tirẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Nígbà tí Eljas Kokkonen wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní oṣù kìíní, ohun tí Marjukka kọ́kọ́ rí ni pé ọkùnrin náà ti máòsì rẹ̀ bọ inú àpótí tábìlì, kò sì mú un jáde mọ́. Bọ́tìnì nìkan ló ń tẹ̀, wàràwàrà. Ojú ìwé á ṣí, òmíràn á padé, ọ̀rọ̀ á fò láti ìsàlẹ̀ dókè. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, kó tó di ọ̀sán ó ti parí.

"Ara ń fu mí sí ọkùnrin yìí," ni Marjukka sọ fún Sirkku, ọ̀gá wọn, nídìí kọfí. "Ọwọ́ èèyàn kì í yá tó báyẹn. Ó ní nǹkan tó fi pamọ́."

"Àbùjá ló ń tẹ̀, Marjukka. Bọ́tìnì méjì, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ ti ṣe."

"Olè pàápàá máa ń gba àbùjá."

Sirkku rẹ́rìn-ín, ó sì bu pulla, búrẹ́dì dídùn tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, jẹ. Marjukka kò rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣọ́ ìka Eljas. Bó bá lọ bu kọfí, yóò gba ẹ̀yìn Eljas kọjá. Bí Eljas bá kí i, yóò dáhùn bí ẹni tí eyín ń dùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, Eljas kò wá láàárọ̀. Marjukka ní kóun dán àbùjá rẹ̀ wò lórí ẹ̀rọ tòun. Ó gbé àmì sórí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ ibùdó, ó di Ctrl àti Shift mú, ó tẹ L bó ṣe rí Eljas tó ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ètò tàn yòò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tíì yé e tó fi gbọ́ ẹsẹ̀ Sirkku. Jìnnìjìnnì bò ó, ìka rẹ̀ ré lu bọ́tìnì kan, ó tọ́jú iṣẹ́ náà sórí ẹ̀rọ bí ìṣe rẹ̀, ó sì yára ṣí ìwé mìíràn. Nírọ̀lẹ́, ó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síbi tí gbogbo wọn ń kó tiwọn sí.

Láàárọ̀ Ẹtì, ètò náà kò mọ ibùdókọ̀ kankan mọ́. Níbi igba ó lé méjìlá tí ọ̀rọ̀ ibùdó ti yẹ kó wà, lẹ́tà K nìkan ló jókòó síbẹ̀.

"K!" ni Marjukka ké. "Kokkonen! Ẹ ò rí i? Ó tún kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i!"

Eljas tẹ bọ́tìnì méjì, àkọsílẹ̀ gbogbo àtúnṣe sì hàn. "Agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógójì, lánàá," ló kà jáde. "Orí ẹ̀rọ Marjukka. Èmi ńkọ́? Mo yanu sílẹ̀ fún oníṣègùn eyín nígbà náà."

Marjukka lè sọ pé ẹnìkan ló wọ orí ẹ̀rọ òun. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Èmi ni," ló wí. "Mo fẹ́ mọ ohun tí àbùjá Eljas ń ṣe."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?" ni Eljas wí.

"Mo rò pé wàá parọ́ fún mi ni."

Eljas rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó gbìyànjú láti na apá ọ̀tún, kò dé ibi tó yẹ. "Orí òrùlé ilé màmá mi ni mo ti já bọ́, níbi tí mo ti ń kó yìnyín kúrò. Bí mo bá fi apá yìí di máòsì mú ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, ìrora á dá oorun lójú mi lóru. Àbùjá ni mo fi ń jẹun."

Ojú ti Marjukka. Ó gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì Eljas, ó sì ní kó kọ́ òun. Kí yìnyín tó yọ́ tán, ó ti mọ àbùjá mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kó tó relé lójoojúmọ́, á kọ́kọ́ ṣí àkọsílẹ̀ àtúnṣe náà, á ka gbogbo ibi tí orúkọ tirẹ̀, Hietala, wà. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló wá kù tó ń ṣọ́.