Ètò Tó Ń Béèrè Lẹ́ẹ̀mẹta

Ó-ń-rùn ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, òun náà sì ti ń jẹ́ ẹ. Kò sí ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé síwájú obìnrin yìí tí kì í yímú sí. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa di àwọn ètò kéékèèké bí ẹni di ẹrù, irú èyí tí kò ní bọ́tìnì tí kò sì ní àwòrán, tí èèyàn kàn ń tẹ orúkọ wọn sójú dúdú kọ̀ǹpútà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ á fi ránṣẹ́, Ó-ń-rùn á tún un ṣe, á dán an wò, á wá lu òǹtẹ̀ ara ẹ̀ sí i, kó tó wọ inú àkójọ ńlá tí tẹrú-tọmọ ń gbà sórí kọ̀ǹpútà wọn.

Ká sòótọ́, ìdọ̀tí ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Ẹlòmíì á kọ orúkọ fódà tiẹ̀ sínú ètò, bí ẹni pé ilé ẹ̀ ni gbogbo wa ń gbé. Ẹlòmíì á rún àṣẹ mẹ́wàá pọ̀ sójú ìlà kan bí aṣọ ìdọ̀tí tí wọ́n kì bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ń kó o nírìíra dọ́ba.

Lọ́jọ́ kan, ètò tíṣà ìṣirò kan dé. Fáìlì tí ẹnikẹ́ni ò bá ti ṣí fún ìgbà pípẹ́ ni ètò náà ń gbá dànù. Ṣùgbọ́n kó tó gbá a, á kọ́kọ́ béèrè: Ṣé ó dá ẹ lójú? Ṣé o ti ka orúkọ wọn tán? Ṣé kò sí ohun tí o ò ní rí mọ́ níbẹ̀ tó bá lọ?

"Ọmọdé ló ń bá sọ̀rọ̀ ni?" ni Ó-ń-rùn wí. "Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ó ń rùn."

Ó yọ ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó dán ètò náà wò lórí kọ̀ǹpútà òfìfo tó fi ń dán gbogbo nǹkan wò. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, nǹkan kan ò sì bà jẹ́. Ó lu òǹtẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin fi pè é. Ohùn ẹ̀ ti ha.

"Kọ̀ǹpútà mi ló kún, mo wá gba ètò tó ń gbálẹ̀ yẹn nínú àkójọ yín. Òǹtẹ̀ ẹ ni mo rí lára ẹ̀, n ò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti kó ohùn bàbá wa lọ."

"Ohùn wo?"

"Èyí tí mo gbà sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣàìsàn. Látìgbà tí wọ́n ti kú, ọkàn mi ò gbà kí n ṣí i."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ò kó o pa mọ́ síbòmíì?"

"Rárá. Irú ọ̀dájú wo ló kọ ọ́, tí kò lè béèrè lọ́wọ́ èèyàn ná?"



"Ó béèrè," ni Ó-ń-rùn wí. "Èmi ni mo sọ pé ó ń rùn."