Ẹsẹ Orin Tí N Kò Gbọ́

Àárò ohùn bàbá àgbàlagbà kan ṣì ń sọ mí. Ọmọ Ọ̀ṣun ni, Ìjokò ló ń gbé, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan nítòsí Ìyànà Ìyẹsí ní Ọ̀tà, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń hù bí olú lágbègbè wa.

Nínú iṣẹ́ náà, tí a bá ti po ẹ̀jẹ̀ mọ́ kẹ́míkà, a gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ kí a tó fa omi orí rẹ̀ kúrò. Ẹni tó bá kánjú, èsì rẹ̀ á bàjẹ́. Bàbá kì í wo aago. Orin ṣọ́ọ̀ṣì kan ló fi ń wọn àkókò. Ẹsẹ mẹ́ta ni mo máa ń gbọ́, lẹ́yìn náà á mú ọ̀pá ìfami. Mùsùlùmí ni mí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti mọ orin náà, èmi náà á sì máa bá a gbè é.

“Àlàájà,” ni Bàbá máa ń pè mí, èmi tí n kò fojú kan Mẹ́kà rí, “ọjọ́ Sọ́ńdè yìí, wàá bá wa wọ aṣọ akọrin o!”

Nígbà tó yá, wọ́n ra ẹ̀rọ kan tó ń fi apá irin fa omi fúnra rẹ̀. Wọ́n ní kí Bàbá máa lọ sinmi. Inú bí mi. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ àṣẹ tí ẹ̀rọ náà máa tẹ̀ lé sínú kọ̀ǹpútà: fa omi, tú u síbí, dúró. Iye àkókò tó wà nínú ìwé kẹ́míkà kò bá ooru Ọ̀tà mu rí. Ni mo bá tan aago fóònù mi, mo kọ ẹsẹ orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì tẹ iye rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Mo rò pé mo gbọ́n.

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èsì fi bàjẹ́. Ọ̀gá ní tó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́la, òun á fi ẹlòmíràn rọ́pò mi. Mo wọ mọ́tò, mo gba ọ̀nà Ṣàngó lọ sí Ìjokò. Ẹ̀rù ń bà mí pé Bàbá á ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ.

Ẹ̀wà ló ń ṣà lẹ́yìnkùlé. Mo kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ orin yẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo tan aago fóònù mi, ó sì kọ ọ́. Nígbà tó parí ẹsẹ kẹta, mo fẹ́ pa aago, àfi bó ṣe di ọwọ́ mi mú. Ètè rẹ̀ ṣì ń mì, kò sì sí ohùn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó fi mí sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, èrò mi ni pé ọ̀pá ìfami ló ń wá.

“Ẹsẹ kẹrin nìyẹn,” ló wí. “Ìyàwó mi ló máa ń dá a kọ. Látìgbà tó ti lọ, mi ò lè kọ ọ́ síta mọ́.”

Mo tún àkókò náà tẹ̀, èsì sì jáde bó ṣe yẹ. Ọ̀gá yìn mí. N kò sọ ti orin fún un.

Bàbá náà ti lọ bá a lọ́run báyìí. Tí apá irin bá gbéra sókè tó dúró, mo máa ń rọra kọ ẹsẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Tó bá kan ẹ̀kẹrin, ètè mi nìkan ló ń mì.